Kí Omi Tó Dé, Ẹ Jẹ́ Ká Kan Ọkọ̀ Tiwa

Ẹ̀yin ará wa ní Lọ́kọ́ja àti níbi gbogbo tí ọmọ Yorùbá ń gbé létí odò! A mọ̀ pé ọjà ò yá, a sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ gígùn kì í wu èèyàn kà lórí fóònù, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí dópin. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Níbi ìpàdé wa tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa mú fóònù ẹ̀ jáde pé ká wá wo nǹkan. Òyìnbó kan ló ń kan ọkọ̀ ojú omi kékeré tí wọ́n ń pè ní kayak nínú ilé ara ẹ̀, òun nìkan, pẹ̀lú plywood, wáyà àti ayùn ọwọ́. Ọmọ náà wá bèèrè pé, "Ẹ̀yin bàbá wa, kí ló dé tí àwa náà ò lè ṣe irú èyí kí òjò tó dé?" Ni gbogbo ilé bá bú sẹ́rìn-ín. Bàbá kan ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ẹja lo wá pa nílùú yìí ni?" Ẹlòmíì ní kó lọ bá àwọn Nóà sọ ọ́.

Àwa la ni orúkọ Nóà yẹn. Àwa mẹ́ta ni: àwa tí à ń ta plywood àti ìṣó, káfíńtà kan, àti tísà kan tó ti fẹ̀yìn tì. A ò bínú sí orúkọ náà. Ẹni tó bá ka Bíbélì tàbí Àlùkùránì dáadáa mọ ibi tí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín já sí.

Ohun tí à ń sọ ò le rárá. A ní kí ilé mẹ́rin tàbí márùn-ún tó bá wà ní àdúgbò tí omi ń wọ̀ para pọ̀, kí wọ́n kan ọkọ̀ kékeré kan báyìí tí ilẹ̀ ṣì gbẹ, kí wọ́n dojú ẹ̀ dé síbi tó ní ìbòòji, kó wà níbẹ̀ dìgbà tí wọ́n bá nílò ẹ̀. Kì í ṣe láti fi ṣòwò, kì í sì í ṣe láti fi ṣeré. Láti fi gbé ìyá, ọmọ àti aláìsàn jáde ni.

Ẹni tó bá dé Lọ́kọ́ja lẹ́yìn 2022 lè máà mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń ká wa lára. Ibí yìí ni odò Ọya àti odò Bẹ́núé ti pàdé. Ọya ń bọ̀ láti ilẹ̀ Gínì, ó gba Málì kọjá kó tó wọ Nàìjíríà, ó gba Kàǹjì, ó gba Jẹ́bà. Bẹ́núé ní tiẹ̀ ń bọ̀ láti Kamẹrúùnù, níbi tí ìdídò ńlá tí wọ́n ń pè ní Lagdo wà. Nítorí náà, òjò lè má kán ní Lọ́kọ́ja fún ọ̀sẹ̀ kan, kí omi ṣì wọlé bá èèyàn lórí ibùsùn. Oṣù Sẹptẹ́ńbà sí Ọkitóbà ló máa ń ga jù. Lọ́dún 2012 ó wọlé, a ní irú ẹ̀ ò tún ní ṣẹlẹ̀ mọ́ lójú wa. Lọ́dún 2022, ó ga ju ti 2012 lọ. Ọ̀nà Ganaja bọ́ sábẹ́ omi, Adankolo bọ́ sábẹ́ omi, ọ̀nà Àbújá náà bọ́ sábẹ́ omi níwájú Koton-Karfe débi pé ọkọ̀ agbépo ò rí ọ̀nà kọjá, epo wá wọ́n ní Àbújá. Jákèjádò Nàìjíríà, ó lé ní 600 èèyàn tí omíyalé pa lọ́dún yẹn, àwọn tó sì sá kúrò nílé lé ní mílíọ̀nù kan.

Màmá kan wà láàárín wa nígbà yẹn, ìyá télọ̀ kan, ará Ìkìrun. Ó ti lé ní 70 ọdún. Lọ́jọ́ tí omi dé àdúgbò wọn, ọmọ ẹ̀ ti lọ ra aṣọ ní Kánò, òun àti ọmọ-ọmọ ẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún 6 ló wà nílé. Láti ọ̀sán ni ọ̀nà tó jáde sí títì ti wà lábẹ́ omi, ṣùgbọ́n inú ilé ṣì gbẹ, Màmá sì ní òun á sùn, omi á ti fà kí ilẹ̀ tó mọ́. Nígbà tó di alẹ́, omi gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Ó dé orúnkún, ó dé ìdí. Màmá gbé ọmọ sórí kọ́bọ́ọ̀dù, òun náà gun tábìlì. Aago 9 kọjá díẹ̀ ló pè wá.

A sáré dé ẹnu omi. Láti ibi tí a dúró sí sí ilé Màmá ò jìnnà, à ń rí iná tọ́ọ̀ṣì ẹ̀ lójú fèrèsé. Kò sí ẹni tó mọ odò wẹ̀ nínú wa. A bẹ ọlọ́kọ̀ kan, ó ní òun ò lè wọ ibẹ̀ lóru torí fẹ́ǹsì àti wáyà iná tó wà lábẹ́ omi. Òótọ́ ló sọ, a ò lè dá a lẹ́bi. A wá ń bá Màmá sọ̀rọ̀ lórí fóònù títí bátìrì ẹ̀ fi kú. Lẹ́yìn náà à ń wo tọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó yá, tọ́ọ̀ṣì náà kú. Láàárọ̀, ọlọ́kọ̀ mìíràn dé, iye tó pè ju owó mọ́tò láti Lọ́kọ́ja dé Ìlọrin lọ. A san án, kò sí ohun tá a fẹ́ ṣe. Màmá àti ọmọ jáde láàyè. Ṣùgbọ́n otútù ti mú Màmá, ikọ́ ò fi í sílẹ̀ mọ́, kí Kérésìmesì tó pé a ti gbé òkú ẹ̀ lọ sí Ìkìrun. Dókítà ò sọ pé omi ló pa á, àwa náà ò ní sọ bẹ́ẹ̀. A kàn mọ iye wákàtí tó fi wà nínú omi, nítorí pé à ń kà á.

Ká ní ọkọ̀ kékeré kan wà nínú agboolé yẹn, aago 4 ìrọ̀lẹ́, tí ojúmọmọ ṣì wà, tí inú ilé ṣì gbẹ, ni wọn ì bá ti gbé Màmá jáde. Ọ̀rọ̀ yìí ni kò jẹ́ ká lè rẹ́rìn-ín níbi ìpàdé.

Ẹ tún wo àwọn tó kú sínú odò kì í ṣe torí omi wọlé, bí kò ṣe torí ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀. Ní Ọkitóbà 2022 kan náà, ọkọ̀ kan dojú dé ní Ogbaru ní ìpínlẹ̀ Anambra, èèyàn 76 ló kú, àwọn tó ń sá fún omíyalé ló pọ̀ níbẹ̀. Ní Júùnù 2023, ó lé ní 100 èèyàn tó ń ti ibi ìgbéyàwó bọ̀ lóru tó kú sínú Ọya ní agbègbè Pátígí ní Kwara. Ní Nófẹ́ńbà 2024, àwọn ará Kogí tó ń lọ sọ́jà ní ìpínlẹ̀ Náíjà, àwọn náà bá omi lọ. Ọkọ̀ tó kún jù, kò sí life jacket, ojú ò ríran. Àjọ NIWA tó ń mójú tó ọ̀nà omi, tí olú ilé iṣẹ́ wọn wà ní Lọ́kọ́ja níbí gan-an, ń pariwo ẹ̀ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí omi ń lé lẹ́yìn, tí kò ní ọkọ̀, èyí tó bá rí ló máa kó sí. Kò ní dúró ka iye èèyàn tó ti wà nínú ẹ̀.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń dá wa lóhùn jù ni pé omi kì í ṣe tiwa, pé àlejò ni wá, ilé là ń lọ. Àwa ò gbà. Ta ló sọ pé Yorùbá ò mọ ọkọ̀ ojú omi? Àwọn ará Ìlàjẹ ńkọ́, tí ọmọ wọn ń tukọ̀ lọ sílé ìwé? Kí la fẹ́ sọ nípa Ajayi Crowther, ọmọ Òṣoògùn? Omi ló gbà dé ìdojúkọ odò méjèèjì yìí lọ́dún 1841, ó tún padà wá ní 1854 àti 1857, ó sì dá ìjọ sílẹ̀ ní Gbebe nítòsí ibí. Ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀ ní 1857, Dayspring ni wọ́n ń pè é, orí àpáta ló fọ́ sí ní Jẹ́bà. Ó ṣì ń bá iṣẹ́ lọ. Ẹni tó ti gbé ìlú kan fún 25 ọdún, tó ti bímọ síbẹ̀, tó ti sin òkú níbẹ̀, tó tún ń sọ pé omi ibẹ̀ ò kan òun, ara ẹ̀ ló ń tàn.

Àwọn Kàkàńdá àti Núpé tá a bá létí odò yìí, ẹ ò rí i pé wọn kì í bẹ ẹnikẹ́ni nígbà tí omi bá dé? Ọkọ̀ wọn wà lẹ́nu ọ̀nà wọn. Àwọn náà ò fi ṣe ọ̀ṣọ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí kayak tí ọmọ yẹn fi hàn wá, torí ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀. Àwọn ará ilẹ̀ yìnyín lápá òkè ayé, àwọn Inuit àtàwọn Aleut, ló ni í. Wọn ò ní igi ńlá, nítorí náà igi tí òkun bá gbé wá sétí omi ni wọ́n fi ń ṣe egungun ọkọ̀, wọ́n á wá fi awọ ẹran inú òkun bò ó. Ohun tó wú wa lórí ni pé ara ẹni tó máa wọ ọkọ̀ ni wọ́n fi ń wọn ọn, bí télọ̀ ṣe ń wọn ṣòkòtò. Gígùn ẹ̀, ìlọ́po mẹ́ta bí ọwọ́ olúwarẹ̀ méjèèjì ṣe gùn tó bó bá nà wọ́n sọ́tùn-ún sósì. Fífẹ̀ ẹ̀, ìdí ẹ̀ àti ẹ̀ṣẹ́ méjì lórí ẹ̀. Jíjìn ẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ kan pẹ̀lú àtàǹpàkò tó nà sókè. Ọkọ̀ ẹni ni ọkọ̀ ẹni. Ẹ kì í yá a lọ́wọ́ ẹlòmíì.

Ọgbọ́n tí òyìnbó inú fóònù yẹn ń lò ò sì tíì pẹ́ láyé. Tísà kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ igi, Ken Littledyke, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ó gé plywood, ó lu ihò kéékèèké sétí ẹ̀, ó fi wáyà rán an pọ̀ bí ẹni rán aṣọ, ó wá fi rẹ́síìnì àti aṣọ fiberglass dí ojú ìrán náà. Kò sí igi ńlá, kò sí pé à ń gbẹ́ ìtì. Ní nǹkan bí 1962, ìwé ìròyìn kan ní Lọ́ńdọ̀nù gbà á, wọ́n fi irú ọgbọ́n náà ṣe ọkọ̀ kékeré tí wọ́n pè ní Mirror, tí wọ́n gé sí wẹ́wẹ́ tà fún àwọn tálákà pé kí kálukú lọ kàn án nílé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá mẹ́wàá ló jáde. Àwọn tó kàn án kì í ṣe káfíńtà, òṣìṣẹ́ lásán ni wọ́n. Èyí ló mú wa gbàgbọ́ pé àwa náà lè ṣe é.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ọkọ̀ tí a kọ́kọ́ kàn lọ́dún 2023, ìtìjú gbáà ni. A wo fídíò, a da ìwọ̀n kayak òyìnbó kan kọ bó ṣe wà. A mú plywood tí wọ́n fi ń ṣe àjà nínú ṣọ́ọ̀bù wa, a fi gọ́ọ̀mù funfun tí wọ́n fi ń lẹ àga lẹ̀ ẹ́, a fi ìṣó kàn án. Lọ́jọ́ Àìkú, a gbé e lọ sétí odò, èrò ti pé. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù wa jókòó sínú ẹ̀, ó dúró. Ni káfíńtà wa, tí ẹ mọ̀ pé Ọlọ́run fún lára, bá ní kí òun náà dán an wò. Kó tó na ẹsẹ̀ tán, ọkọ̀ ti dojú dé, ó wà lábẹ́ ẹ̀. Omi ibẹ̀ ò ju ìbàdí lọ, a dúpẹ́. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, plywood ti ń ṣí ní ìpele ìpele bí àlùbọ́sà. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n sọ wá ní Nóà.

Nítorí náà, kayak gan-an kọ́ là ń sọ pé kí ẹ kàn. Kayak tóóró, orí ẹ̀ bò, èèyàn kan ṣoṣo ló wà fún, ẹni tó bá sì dojú dé nínú ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń jáde. Ẹ ò lè gbé Màmá sínú ẹ̀. Ọgbọ́n rírán plywood yẹn la gbà, a wá fi ṣe ọkọ̀ tí orí ẹ̀ ṣí, tí abẹ́ ẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, tó fẹ̀. Ìkejì tí a kàn nìyí, bí a sì ṣe ṣe é nìyí.

Plywood 2 ló gbà, ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 8 sí 4, nínípọn ẹ̀ mìlímítà 6. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ wa gbọ́, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ọlọ́jà kankan gbọ́, títí kan àwa. Ẹ gé díẹ̀ nínú ẹ̀, ẹ sè é nínú omi fún wákàtí kan, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ tún sè é. Tó bá ṣí, ẹ lọ fi ṣe àjà. Tí kò bá ṣí, ẹ fi orí méjèèjì so pọ̀, kó gùn tó bí ẹsẹ̀ bàtà 15, kí ẹ fi plywood pẹlẹbẹ gbá ojú ibi tí wọ́n ti pàdé. Abẹ́ ọkọ̀ gba ẹsẹ̀ bàtà 2, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan gba 1. 2 àti 1 àti 1 jẹ́ 4. Tísà wa ló rò ó bẹ́ẹ̀, kò fẹ́ kí igi ṣòfò. Ẹ gé abẹ́ náà kó ṣẹ́nu ṣóṣó níwájú àti lẹ́yìn, ohun tó bá ṣẹ́ kù ẹ fi ṣe ìjókòó. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ṣí síta díẹ̀, kí òkè ọkọ̀ fẹ̀ tó bí ínǹṣì 32. Ibi tí ti àkọ́kọ́ ti pa wá nìyẹn, ti ẹni tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ la wọ̀n.

Wáyà tí àwọn tó ń di irin bíríkì fi ń di irin la fi rán an, ihò kan láàárín ínǹṣì mẹ́rin mẹ́rin. Lẹ́yìn tí ẹ bá rán an tán tó dúró bí ọkọ̀, ẹ fi rẹ́síìnì àti aṣọ fiberglass dí gbogbo ojú ìrán nínú, kó gbẹ, ẹ gé wáyà kúrò, ẹ tún dí ìta. Rẹ́síìnì tí wọ́n ń pè ní epoxy ló dára jù fún igi. Ti polyester tí àwọn panel beater ń lò rọjú lówó, ṣùgbọ́n kì í di igi mú tó ti epoxy, igi sì gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa. Ẹ ṣọ́ra o. Tó bá jẹ́ polyester, nǹkan méjì ni wọ́n máa ń pò mọ́ ọn, èyí tó ń mú un le àti èyí tó ń mú un yára. Ẹ má da àwọn méjèèjì pọ̀ mọ́ra wọn láéláé, ó lè gbiná, ó lè bú gbàmù. Ẹ po ọ̀kan mọ́ rẹ́síìnì kó dọ́gba, lẹ́yìn náà kí ẹ tó da ìkejì sí i. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ bo imú. Ẹ po díẹ̀ díẹ̀, torí nínú ooru Lọ́kọ́ja yìí ó máa ń gan nínú agolo kí ẹ tó yíjú padà. A ba agolo méjì jẹ́ bẹ́ẹ̀, owó ńlá.

Kílò mélòó ló lè gbé? Tísà wa ní omi lítà kan tí ọkọ̀ bá tì sẹ́yìn, kílò kan ló máa gbé dúró. Ó ṣírò ẹ̀ sórí páálí fún wa: ọkọ̀ tó rí báyìí, bó bá ti rì ní ínǹṣì kan, bíi kílò 45 ló ti gbé. A ò fẹ́ kó rì ju ínǹṣì 4 lọ, kí ínǹṣì 7 ṣì wà lókè omi. Ìyẹn 180. Ẹ yọ ìwúwo ọkọ̀ fúnra ẹ̀ kúrò, bíi 40, ó ku 140. Àgbàlagbà méjì nìyẹn, tàbí àgbà kan pẹ̀lú ọmọ kéékèèké mẹ́ta. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. A fi ọ̀dà pupa fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ níta, bí omi bá ti kan ìlà yẹn, ẹni tó wọlé kẹ́yìn á bọ́ sílẹ̀, ì báà ṣe alága ẹgbẹ́.

Kẹ́ẹ̀gì òróró lítà 25 tó ti ṣófo, tí ọmọrí ẹ̀ le, mẹ́rin la dì mọ́ abẹ́ ìjókòó, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn. Bí ọkọ̀ bá kún fómi, wọn ò ní jẹ́ kó rì, ẹ lè dì í mú. A dán èyí wò. A mọ̀ọ́mọ̀ rọ omi kún un níbi tí kò jìn, ó ń léfòó síbẹ̀. Ẹ má ṣe gbàgbé ìyẹn. Ẹni tó bá kan ọkọ̀, tí kò dán an wò nígbà tí omi dákẹ́, pósí ló kàn.

Ẹ kùn ún lọ́dà torí oòrùn máa ń ba rẹ́síìnì jẹ́, ẹ dojú ẹ̀ dé, ẹ má gbé e kalẹ̀, ẹ gbé e sórí búlọ́ọ̀kù. Ikán ìlú yìí ò mọ̀ pé ọkọ̀ ìgbàlà ni.

Nígbà tí omi tún dé lọ́dún 2024, ọkọ̀ yìí ṣiṣẹ́. Ọ̀pá gígùn la fi ń tì í ju àjẹ̀ lọ, torí omi àárín ilé kì í jìn. A gbé àwọn ọmọ ilé ìwé, a gbé aláboyún kan, a gbé bàbá kan tí ẹsẹ̀ ń dùn, òun àti rédíò ẹ̀. Irin fẹ́ǹsì kan ya abẹ́ ọkọ̀ lọ́jọ́ kejì, a gbé e sókè, a lẹ̀ ẹ́, kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́. A ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lára àwọn tí a gbé, ẹni mẹ́ta wà níbi ìpàdé tó kọjá yẹn. A rí wọn bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín.

Àwọn kan á ní, ẹ̀yin Nóà, kí ló dé tí ẹ ò ní káwọn èèyàn kó kúrò létí omi? A ń sọ ọ́. Ẹni tó bá lágbára kó kó lọ. Nígbà tí àjọ NIHSA bá kéde pé omi ń bọ̀, ẹ gbé ẹrù yín sókè, ẹ kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ ará ní Felele tàbí kí ẹ dá wọn padà sílé. Ọkọ̀ ò sọ pé kí ẹ jókòó de omi. Ṣùgbọ́n a mọ ara wa. A mọ ẹni tó san owó ilé ọdún méjì, tí onílé ò ní dá padà. A mọ ẹni tó ní òun ò lè fi ọjà òun sílẹ̀. A mọ àgbàlagbà tó ní omi á fà kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ìjọba ńkọ́? Ó yẹ kí ìjọba gbẹ́ odò, kó kọ́ ọ̀nà Ganaja sókè, kó pèsè ọkọ̀. A fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin tí ẹ sún mọ́ wọn, ẹ bá wa sọ fún wọn. Láti 2012 la ti ń sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, ara wa la ń bá wí. Lọ́dún tó kọjá, aṣọ ẹgbẹ́ méjì la dá, ọ̀kan fún ọdún Iléyá, ọ̀kan fún àjọ̀dún ìparí ọdún. Àwa náà rà á, ó yẹ wá. Owó tí èèyàn 15 fi ra ọ̀kan nínú aṣọ yẹn, láìka owó télọ̀, ó tó kan ọkọ̀ kan, kó kù ra life jacket méjì. A ò ní kí ẹ má dá aṣọ. A ní kí ẹ dá ẹyọ kan lọ́dún yìí. Ilé márùn-ún tó bá ń dá èésú lè ṣe tiwọn láìdúró de ẹgbẹ́ rárá. Kí orúkọ ẹni tó máa tọ́jú kọ́kọ́rọ́ àti àjẹ̀ wà lákọsílẹ̀, kí ó jẹ́ ẹni tí kì í kúrò nílé, kí ẹni méjì kéré tán mọ bí wọ́n ṣe ń tì í. Kí wọ́n má gbé e lọ sójú odò ńlá, ìṣàn ibẹ̀ ju ọwọ́ wa lọ. Kí wọ́n má gbé e jáde lóru. Ká tún fi àwọn ọmọ wa sọ́dọ̀ ẹni tó máa kọ́ wọn ní odò wíwẹ̀. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti lé ní 50, a ti ń kọ́ ọ láti ọdún tó kọjá, tísà nìkan ló tíì lè dé òdì kejì.

A mọ̀ pé ẹlòmíì ti ń sọ lọ́kàn ẹ̀ pé torí à ń ta plywood la ṣe ń pariwo ọkọ̀. Ó dáa. Ẹni tó bá fẹ́ kan ọkọ̀ omíyalé, iye tí a bá rà á la máa tà á fún un, ìwé owó á wà lórí tábìlì kó kà á. Tó bá rí èyí tó dára níbòmíì, kó lọ rà á, kó ṣáà sè é kó tó san owó.

Ọkọ̀ wa wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó dojú dé sórí búlọ́ọ̀kù. Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀, lẹ́yìn aago 4, a máa yí i sókè kí gbogbo yín wá wò ó, káfíńtà á gé àwòrán ẹ̀ sórí páálí fún ẹni tó bá fẹ́. Ọmọkùnrin tó mú fóònù wá sípàdé yẹn, ìwọ náà wá o, bá wa mú tépù ìwọ̀n dání, tiwa ti já.